Táǹkì kún, afẹ́fẹ́ tán: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan lórí táǹkì pírẹ́ṣọ̀ nínú àwòṣe ẹ̀rọ omi

Ẹsíteètì kan wà ní ẹ̀bá Ìbàdàn, ilé ọgọ́ta, lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́. Ilé ẹ̀rọ omi wọn wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ilé tó wà lókè jù lọ fi mítà 12 ga ju ilé ẹ̀rọ náà lọ. Bọ́ọ̀hóòlù ń tú omi sínú táǹkì kọnkéré tó wà nílẹ̀, ibẹ̀ ni pọ́ǹpù ti ń ti omi sínú páìpù tó lọ sí ojúlé kọ̀ọ̀kan. Wọn kò kọ́ táǹkì orí òpó. Táǹkì pírẹ́ṣọ̀ oní-lítà 500 ni wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù: irin ni ara rẹ̀, àpò rọ́bà wà nínú irin, omi ń wọ inú rọ́bà, afẹ́fẹ́ sì wà láàárín rọ́bà àti irin. Bí géèjì bá wálẹ̀ dé bar 2.5 (bar ni ìwọ̀n pírẹ́ṣọ̀), súwíìṣì á tan pọ́ǹpù. Bó bá gòkè dé bar 4, á pa á.

Mọ́tò tó ń jó ló ń dààmú wọn. Wọ́n á tún wáyà rẹ̀ wé, á ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, á tún jó. Contactor, ìyẹn súwíìṣì tó ń gbé iná fún mọ́tò, inú páálí iná rẹ̀ kì í pẹ́ kí ẹnu rẹ̀ tó dúdú. Láàárín aago mẹ́fà sí méje àárọ̀, ẹni tó bá gba ẹ̀bá ilé ẹ̀rọ kọjá á gbọ́ bí pọ́ǹpù ṣe ń gbéra, tó ń dákẹ́, tó tún ń gbéra, láìsinmi. Ẹni tó ń bá wọn tún un ṣe sọ fún ìgbìmọ̀ pé pọ́ǹpù náà kéré sí ilé ọgọ́ta, kí wọ́n ra èyí tó tóbi tó o ní ìlọ́po méjì. Owó ìdáwó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nígbà tí bàbá kan nínú ìgbìmọ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ òde ìjọba, ní kí wọ́n ṣì dúró. "Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó pa èyí tó wà nílẹ̀, ká tó gbé òmíràn fún un pa," ni bàbá wí. Bí wọ́n ṣe pe ọ̀dọ́ ẹnjiníà kan nìyẹn láti wá ya ẹ̀rọ omi náà sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n pè mí sí i.

EPANET ló lò. Ọ̀fẹ́ ni ètò kọ̀ǹpútà náà, òun ló ń ṣírò bí omi àti pírẹ́ṣọ̀ ṣe ń rìn nínú páìpù. Àjọ EPA ti Amẹ́ríkà, tó ń dáàbò bo àyíká, ló gbé e jáde ní 1993 láti ọwọ́ Lewis Rossman, ẹ̀dà 2.2 sì jáde ní 2020. Ó kó gbogbo páìpù sínú àwòṣe, gígùn wọn àti fífẹ̀ wọn, gíga ilẹ̀ ní oríkèé kọ̀ọ̀kan (ibi tí páìpù ti pàdé), àti bí agbára pọ́ǹpù ṣe ń dínkù bí pírẹ́ṣọ̀ ṣe ń ga, láti inú ìwé tó bá pọ́ǹpù náà wá. Omi tí ẹsíteètì ń lò, tí a bá pín in kárí ọjọ́, ó tó nǹkan bíi lítà 25 ní ìṣẹ́jú kan. Ní àárọ̀ tí gbogbo ilé ń wẹ̀, ó ń tó 75. Pọ́ǹpù ní tirẹ̀ ń gbé bíi lítà 150 ní ìṣẹ́jú kan láàárín bar 2.5 sí 4. Kò sí àríyànjiyàn kankan títí débí. Orí táǹkì pírẹ́ṣọ̀ ni ọ̀nà ti pín.

Ọ̀dọ́ náà wọn táǹkì bó ṣe rí lójú, mítà 0.7 ní ìbú, mítà 1.3 ní gíga, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ nínú àwòṣe gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nílé ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà dá a lóhùn pé pírẹ́ṣọ̀ ilé òkè wà ní nǹkan bíi mítà 11 sí ìsàlẹ̀ òdo, ìyẹn ni pé omi kò lè débẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ ìdílé tó ń gbé ilé náà ń wẹ̀ láràárọ̀.

Ohun tó fà á kò ṣòro. Lójú EPANET, gbogbo táǹkì ló ṣí lórí. Ibi tí ojú omi bá wà nínú táǹkì náà ni gíga tí omi lè gùn dé nínú gbogbo páìpù tó so mọ́ ọn. Òótọ́ ni èyí fún táǹkì orí òpó. Ní ti táǹkì pírẹ́ṣọ̀, ojú omi lè wà ní ìwọ̀n orúnkún èèyàn kí agbára rẹ̀ sì gun òkè ilé alájà mẹ́jọ, nítorí afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ inú irin ló ń ti omi náà, bíi bọ́ọ̀lù tí a fi ọwọ́ tẹ̀ tó ń wá àyè àtiyọ padà. Ohun tí géèjì ń kà ló yẹ kó wọ inú àwòṣe. Bar 1 jẹ́ nǹkan bíi mítà 10.2 omi, nítorí náà bar 2.5 jẹ́ mítà 25.5, bar 4 sì jẹ́ mítà 40.8.

Ó rí èyí fúnra rẹ̀, ó sì wá ọ̀nà àbáyọ: ó gbé táǹkì kan náà, mítà 0.7 ní ìbú, lọ sókè mítà 30 nínú àwòṣe. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo nǹkan dára. Ilé òkè rí omi. Pírẹ́ṣọ̀ kò kúrò lójú kan. Pọ́ǹpù ń gbéra bí ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún ní wákàtí kan péré. Ìròyìn tó fẹ́ gbé lọ fún ìgbìmọ̀ ni pé táǹkì kò ní ìṣòro, kí wọ́n lọ wo iná tó ń wọ ilé ẹ̀rọ.

Àwòṣe kejì yìí ló ń bà mí lẹ́rù ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo sì rò pé òun ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí dúró wò dáadáa. Ti àkọ́kọ́ kígbe pé òun kò pé: EPANET fúnra rẹ̀ kọ ìkìlọ̀ jáde pé pírẹ́ṣọ̀ ti lọ sísàlẹ̀ òdo. Èyí kò kígbe. Nọ́ńbà rẹ̀ jọ nǹkan tó ṣeé gbàgbọ́. Ó sì jókòó lórí irọ́ kan: ó gbà pé gbogbo lítà 500 tó wà lára táǹkì ni omi tí à ń tú jáde tí a sì ń rọ padà. Ìwé ìtọ́ni EPANET gba táǹkì fífẹ̀, kúkúrú, tí a gbé sókè bẹ́ẹ̀ láàyè, ṣùgbọ́n ibi tí pírẹ́ṣọ̀ kì í yí padà tó bẹ́ẹ̀ ló fi í mọ sí. Níbi tó bá ti ń lọ sókè-sódò, ìwé kan náà ní kí a mú ìyàtọ̀ omi tó wà nínú táǹkì nígbà títan àti nígbà pípa, kí a fi ìyàtọ̀ gíga méjèèjì pín in, kí ohun tó bá jáde jẹ́ fífẹ̀ ojú táǹkì tí a máa yà (area, kì í ṣe ìbú).

Iye omi yẹn kò sí lára táǹkì. Afẹ́fẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Òfin tí Robert Boyle tẹ̀ jáde ní 1662 la fi ń rí i: bí ooru kò bá yí padà, pírẹ́ṣọ̀ afẹ́fẹ́ tí a bá sọ di púpọ̀ pẹ̀lú àyè tó gbà kì í yí padà. Kí a má gbàgbé láti fi bar 1 ti afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run kún ohun tí géèjì kà, nítorí òdo géèjì kì í ṣe òdo tòótọ́. Mo ti rí ìṣirò tó rẹwà tí ẹni tó ṣe é kò fi bar 1 yìí kún un, omi tó bá jáde nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kì í bá ti ojú ọ̀nà, ìyẹn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an níbi iṣẹ́, dọ́gba.

Ìwé táǹkì ní kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, nígbà tí kò bá sí omi kankan níbẹ̀, jẹ́ bar 2.3, díẹ̀ sísàlẹ̀ ibi tí pọ́ǹpù ti ń gbéra. Pẹ̀lú bar 1 ojú ọ̀run, 3.3 nìyẹn lórí lítà 500. Nígbà títan, 3.5: afẹ́fẹ́ á gba lítà 471, omi á jẹ́ 29. Nígbà pípa, 5: afẹ́fẹ́ á gba 330, omi á jẹ́ 170. Omi tí táǹkì oní-500 ń gbé kiri gan-an jẹ́ lítà 141. Fi mítà 15.3, ìyàtọ̀ láàárín 25.5 àti 40.8, pín in, wàá rí fífẹ̀ ojú rẹ̀; táǹkì tó ní irú ojú bẹ́ẹ̀ nínú àwòṣe á jẹ́ sẹ̀ńtímítà 11 ní ìbú. Páìpù oní-ínṣì mẹ́rin tí àwọn pùlọ́ńbà wa mọ̀ nìyẹn, tí a gbé nàró kọjá mítà 15. Nígbà tí ọ̀dọ́ náà rí i lójú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ò jọ táǹkì rárá." Kò jọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣe rẹ̀ ni ìṣe táǹkì tó wà nílé ẹ̀rọ.

A fi ìdí páìpù nínàró yìí sí mítà 23.5, ibi tí bar 2.3 wà, kì í ṣe sí 25.5 gan-an. Bí ìdí bá wà níbi tí pọ́ǹpù ti ń gbéra, EPANET á kà á sí pé táǹkì ti gbẹ ní ìṣẹ́jú tí a nílò rẹ̀ jù, á sì ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. A ní kí pọ́ǹpù gbéra nígbà tí omi bá wálẹ̀ dé mítà 2 láti ìdí, kó dákẹ́ ní 17.3. Orí gíga omi táǹkì ni a fi àṣẹ yìí lé, a kò fi lé orí pírẹ́ṣọ̀ oríkèé páìpù tó wà nítòsí, nítorí EPANET lè ṣírò ìṣẹ́jú tí omi táǹkì máa dé ibi àṣẹ, kó sì dúró níbẹ̀. Kò lè rí ti oríkèé tẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìṣísẹ̀ àkókò náà tún wà, ìyẹn àkókò tí kọ̀ǹpútà ń fò láti ìṣirò kan sí èkejì. Wákàtí kan ni EPANET máa ń fi ṣe ìṣísẹ̀ bí a kò bá sọ nǹkan kan fún un. Táǹkì orí òpó lè gba bẹ́ẹ̀. Táǹkì wa ń kún, ó sì ń fà sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Lóòótọ́ ó máa ń gé ìṣísẹ̀ kúrú nígbà tí àṣẹ bá fẹ́ ṣẹ, ṣùgbọ́n láàárín àṣẹ méjì ó gbà pé omi tí pọ́ǹpù ń gbé kò yí padà, nígbà tó jẹ́ pé pọ́ǹpù ń rẹ̀ bí pírẹ́ṣọ̀ ṣe ń gòkè. A sọ ìṣísẹ̀ di ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. A tún fi Volume Curve, ìlà tó ń sọ iye omi tó wà nínú táǹkì ní gíga kọ̀ọ̀kan, rọ́pò páìpù gbọọrọ tí ìbú rẹ̀ dọ́gba, nítorí afẹ́fẹ́ kì í fún pọ̀ ní ìdọ́gba: láti bar 2.5 dé 3, táǹkì ń gba bíi lítà 59, ṣùgbọ́n láti 3.5 dé 4, bíi 37 péré ló ń gbà.

Àwòṣe kẹta yìí sọ pé ní òwúrọ̀, tí ẹsíteètì ń lo lítà 75 ní ìṣẹ́jú kan, pọ́ǹpù á máa gbéra ní nǹkan bí ìgbà 16 ní wákàtí kan. Ibẹ̀ ló sì ti burú jù lọ. Nígbà tí omi tí à ń lò bá jẹ́ ìdajì ohun tí pọ́ǹpù ń gbé ni gbígbéra ń pọ̀ jù. Bí lílò bá kéré sí ìyẹn, táǹkì á pẹ́ kó tó fà, bó bá ju ìyẹn lọ, á pẹ́ kó tó kún. Ìwé pọ́ǹpù fi 20 ṣe òpin. Nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí àwòṣe, kò yẹ kí mọ́tò jó.

Àmọ́ ó ń jó. A lọ dúró sí ilé ẹ̀rọ láàárọ̀, a ń kà á. Bíi ọgbọ̀n ìgbà ní wákàtí kan, díẹ̀ ló kù kó pé. Ìyẹn ṣàlàyé ohun tó ń pa mọ́tò: iná tó ń wọ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń gbéra máa ń tó ìlọ́po márùn-ún sí méje èyí tó ń lò nígbà tó bá ti ń yí geere, gbogbo ooru rẹ̀ ló sì ń dúró sínú wáyà. Kò tíì ṣàlàyé ìdí tí àwòṣe fi wí 16.

Ọ̀dọ́ náà fẹ́ yí iye omi tí ilé ń lò padà títí 16 á fi di 29. Èyí ni mo ní kó má ṣe. Ìyàtọ̀ láàárín àwòṣe àti ojú ọ̀nà ni nǹkan tó níye lórí jù tí a ní lọ́wọ́; bí a bá fọwọ́ pa á rẹ́, a ti sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ìṣirò tilẹ̀ ti fi hàn pé kò sí bí a ṣe lè yí lílò omi padà tí 16 á fi kọjá, níwọ̀n ìgbà tí omi inú táǹkì bá jẹ́ 141, nítorí a ti wà níbi tó burú jù tẹ́lẹ̀. Nǹkan mìíràn ni. Géèjì súwíìṣì kà 2.5 àti 4 gẹ́lẹ́. Mítà omi fi hàn pé pọ́ǹpù kò ju 150 lọ. Jíjò wà díẹ̀ lóru, kò sì tó nǹkan. Táǹkì ló kù.

Ẹni tó ń tún pọ́ǹpù ṣe ní òun ti wo afẹ́fẹ́ rẹ̀, ó wà ní bar 2.6, ó dára. Kò purọ́. Ìgbà tí omi ṣì wà nínú táǹkì ló wò ó. Nígbà tí omi bá wà níbẹ̀, géèjì tí a fi sẹ́nu afẹ́fẹ́ kò lè sọ nǹkan mìíràn ju pírẹ́ṣọ̀ omi lọ, nítorí méjèèjì ń ti ara wọn láti ìhà méjì rọ́bà kan náà. Bó bá tún un wò ní ìṣẹ́jú méjì sí i, ó lè rí 3.4, kó sì tún sọ pé ó dára.

A pa iná. A ti ẹnu ọ̀nà tó lọ sí ẹsíteètì. A tú omi táǹkì jáde títí kò fi sí ẹ̀kán kan mọ́. Lẹ́yìn náà la wá fi géèjì fọ́kánáísà wò ó, nítorí irú ẹnu kan náà tó wà lára táyà mọ́tò ló wà lára táǹkì. Méjìlá ló kà lórí ìwọ̀n táyà, nǹkan bíi bar 0.8. Omi kò bá afẹ́fẹ́ jáde níbẹ̀, tó fi hàn pé rọ́bà kò tíì ya. Afẹ́fẹ́ ló ti ń yọ́ jò lọ.

A gbé 0.8 sínú ìṣirò kí a tó rọ afẹ́fẹ́ kankan. 1.8 lórí lítà 500: nígbà títan, afẹ́fẹ́ gba 257, omi jẹ́ 243, nígbà pípa, afẹ́fẹ́ gba 180, omi jẹ́ 320. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ lítà 77. Omi inú táǹkì yìí pọ̀ ju ti táǹkì tó pé lọ ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n lítà 243 nínú rẹ̀ ń sùn níbẹ̀ ni, kò ní jáde láéláé níwọ̀n ìgbà tí pọ́ǹpù bá ń gbéra ní 2.5. Nínú àwòṣe, páìpù nínàró náà tín-ín-rín láti sẹ̀ńtímítà 11 di 8. A tẹ bọ́tìnnì. Pọ́ǹpù gbéra ní ìgbà 29.

Fọ́kánáísà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, ó rọ ọ́ dé 33 lórí géèjì tirẹ̀, ìyẹn bar 2.3, a pààrọ̀ ẹnu tó ń jò, a sì dá omi padà. Láàárọ̀ tó tẹ̀lé e, kíkà ojú ọ̀nà wá sí àdúgbò 16 tí àwòṣe wí.

Kí a tó padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, a fi pọ́ǹpù ńlá tí wọ́n fẹ́ rà sínú àwòṣe, oní-lítà 300 ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú táǹkì bó ṣe wà kí a tó rọ afẹ́fẹ́. Gbígbéra di 44 ní wákàtí kan ní lílò òwúrọ̀. Pọ́ǹpù tó lágbára ń kún lítà 77 ní kíákíá, ó ń dákẹ́ ní kíákíá, á sì tún dìde. Àní pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó pé, 24 ni, ó ṣì kọjá 20. Owó tí àwọn èèyàn yìí ti dá jọ fẹ́ ra jíjó tó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí dùn mí gan-an, nítorí nínú ilé ọgọ́ta yẹn àwọn kan wà tó jẹ́ pé owó ìdáwó omi àti owó ilé-ìwé ọmọ ń jìjà nínú àpò kan náà.

Ìbéèrè tí alága bi wá kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè wá fún, ṣùgbọ́n ó tọ́ kó béèrè: "Bí iná bá lọ, ṣé táǹkì yìí á gbé wa dé ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ á fi tàn?" A pa pọ́ǹpù nínú àwòṣe ní aago mẹ́fà àárọ̀, pẹ̀lú táǹkì tó kún dé bar 4. Láàárín ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀, ó tán. Lítà 170 kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ilé ọgọ́ta. Táǹkì pírẹ́ṣọ̀ kò sí fún fífi omi pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ omi pamọ́ fún ìgbà tí kò sí iná ní láti kọ́ táǹkì orí òpó, tàbí kí ó lo ilẹ̀ gíga tí Ọlọ́run fún un. Ẹsíteètì yìí ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ilé òkè, ìgbìmọ̀ sì ti ń jíròrò lórí rẹ̀.

Ohun tí a ní kí wọ́n rà lójú ẹsẹ̀ ni táǹkì pírẹ́ṣọ̀ kejì, oní-lítà 500 bíi ti àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé 16 burú. Àyè tó wà láàárín 16 àti 20 ló kéré jù, nítorí gbogbo irú táǹkì bẹ́ẹ̀ ló máa ń pàdánù afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Pẹ̀lú táǹkì méjì, 8 ni. Bí méjèèjì bá tilẹ̀ jò padà dé bar 0.8 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, ó ṣì máa jẹ́ bíi 15. Ẹnì kan dábàá pé kí wọ́n kàn gbé ibi pípa lọ sí bar 5 dípò kí wọ́n ra táǹkì. Omi á di lítà 196 lóòótọ́, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dé bar 5, àwọn páìpù inú ilé ìsàlẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ìgbà méjì ni mo máa ń ran àwòṣe tó bá ní irú táǹkì yìí nínú: ìgbà kan pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí ìwé táǹkì kọ, ìgbà kejì pẹ̀lú ìdá mẹ́ta rẹ̀. Bí pọ́ǹpù bá kọjá òpin nínú ìkejì, ètò náà kò tíì pé. Bí mo bá sì bá géèjì kan nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, mo máa ń béèrè bóyá omi wà nínú táǹkì nígbà tí wọ́n wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí táǹkì yìí ṣe ń gba ìpayà omi nígbà tí pọ́ǹpù bá kú lójijì, tí páìpù á gbọ̀n gbà-gbà, kó má wá a nínú EPANET. Ètò mìíràn ló ń ṣírò ìyẹn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fún pọ̀ kíákíá tí ooru rẹ̀ kò ráyè jáde, tí a fi máa ń lo 1.2 dípò 1 gẹ́gẹ́ bí agbára tí a gbé àyè afẹ́fẹ́ sí nínú òfin Boyle.